Ẹ Máa Yẹ Omi Ọ̀pá Wò Lẹ́ẹ̀rùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo fẹ́ kí ìjọba máa yẹ omi odò Ọ̀pá n'Ílé-Ifẹ̀ wò lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Òjò ló ń gbá ajílẹ̀ oko, omi ọṣẹ àti ìgbẹ́ wọnú odò, ìwọ̀nyí sì ni oúnjẹ ewéko wẹ́wẹ́ inú omi. Àmọ́ omi òjò dọ̀tí, ó sì ń sáré. Oòrùn kì í ráyè wọ inú rẹ̀, ewéko náà kì í sì í lè pọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni wàhálà: omi á dúró, á móoru, ewéko náà á pọ̀, ojú omi á di àwọ̀ ewé. Bí ewéko wẹ́wẹ́ náà bá kú tó jẹrà, atẹ́gùn inú omi á dínkù, ẹja á máa kú. Oríṣi ewéko wẹ́wẹ́ kan tilẹ̀ wà tó ń tu májèlé tí síse omi kò lè mú kúrò. Ẹ̀rù àwọn tó ń pọnmi lódò ló ń bà mí jù. Ẹ bá wa sọ fún ìjọba.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì,
Ilé-Ifẹ̀