Lẹ́tà sí Bàbá Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lille, nílẹ̀ Faransé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú àfaradà. Ìyàwó wa ńkọ́? Ràbíátù ńkọ́? Bàbá ní kí n kí yín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ní kí n kí yín.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lánàá. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, mo gbé fóònù sétí, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun òkè. Ẹ ní dókítà ti dárúkọ ohun tó ń ṣe yín, dépression saisonnière, àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn tó máa ń bá ìgbà òtútù dé. Ẹ ní kì í ṣe nǹkan ńlá, pé kí n má sọ fún Bàbá. Lẹ́yìn náà ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sùn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Níbí, oòrùn ṣì ń ta sórí páànù ọjà Ouando, àwọn ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì.

Mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ọdọọdún ni. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, ìpè yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Tó bá fi máa di oṣù kejìlá, ẹ ò ní gbé fóònù mọ́, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé nìkan lẹ ó máa fi dáhùn. Bàbá á béèrè yín, mo máa ní iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó bá wá di oṣù kẹrin, ẹ ó dédé yọ, ohùn yín á ti já gaara, ẹ ó máa béèrè ọmọ ta ni wọ́n bí ládùúgbò àti iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ẹ rántí oṣù kẹfà tí ẹ pè wá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ gbé fóònù sójú fèrèsé kí Bàbá lè rí i pé ilẹ̀ kò tíì ṣú lọ́dọ̀ yín? Bàbá ní Sùbúhánàlláhì, ó ní ìgbà wo lẹ wá ń kírun alẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn dà, ẹ̀gbọ́n mi?

Nígbà òtútù, aago yín àti aago wa kì í yàtọ̀. Ẹ máa ń dá tiyín padà ní wákàtí kan ní ìparí oṣù kẹwàá, a ó sì jọ máa ka wákàtí kan náà títí di ìparí oṣù kẹta. Làtífù gbé àwòrán ayé tó fi ń lọ sílé ìwé wá fún mi, ó fi rúlà fa ìlà láti Àjàṣẹ́ wa níbí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, lọ sókè tààrà, ìlà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Lille kọjá. Ọ̀sán gangan yín ni ọ̀sán gangan wa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, oòrùn ti yọ níbí kí aago méje àárọ̀ tó lù, lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló tó wọ̀. Lọ́dọ̀ yín, aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ kó tó yọ, kò sì dúró di aago márùn-ún kó tó lọ. Nǹkan bíi wákàtí 8 ni gbogbo ọ̀sán yín, tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Kódà bó bá yọ náà, kì í gun òkè, ẹ̀gbẹ́ òrùlé ló máa ń fà gbà títí tó fi máa wọ̀.

Ẹ̀yin sì rèé, ìdájí lẹ ń wọ mẹ́tírò tí kò ní awakọ̀ yẹn, ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé lẹ ń wọ̀ lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó jáde. Ọjọ́ wo gan-an lẹ ń rí oòrùn láàárín ọ̀sẹ̀?

Mo kà nípa àìsàn náà lédè Faransé títí iná fi lọ lálẹ́ àná. Wọ́n ní dókítà kan, Norman Rosenthal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1984. Ohun tó mú mi dúró níbẹ̀ ni pé ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni ọkùnrin náà. Ibi tí oòrùn pọ̀ sí ló ti wá. Nígbà tó dé New York ni òtútù gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí kò jọ ọ́ lójú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un, ìgbà tí ìrúwé dé ni ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Mo kà á, mo sì rí yín níbẹ̀. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú wọlé ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Inú òkùnkùn ni ara ti ń ṣe mélatónínì, èyí tó ń pe oorun wá. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́ bó ṣe yẹ, ara kì í mọ ìgbà tó yẹ kó jí mọ́. Oorun kì í tán lójú, apá àti ẹsẹ̀ á wúwo, oúnjẹ líle àti nǹkan dídùn ni ọkàn á máa fà sí, ìbànújẹ́ á sì dé láìsí ẹni tó kú. Ìyàwó wa ti sọ fún mi rí pé búrẹ́dì lẹ ń dìde jẹ lóru. Mo rò pé ẹjọ́ ló ń rò ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ fídáù Màmá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ sì mú gan-an lọ́dún yẹn. A tẹ́ ẹní kún àgbàlá. Àwọn Àlùfáà ti jókòó, àwọn ìyá láti Adjarra ti dé, àwọn ẹbí Kétu gan-an wá, àwọn tí kì í wá síbi kankan. Àkàrà ti jinná, sàárà ti wà nílẹ̀. Bàbá ní a ò ní ṣe àdúà ìparí àfi tí àkọ́bí bá sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù ti búùtà ìṣàlùwàlá Màmá, èyí aláwọ̀ ewé tí iná ti jẹ etí rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí ojú yín. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo tún pè. Àlùfáà àgbà ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀, kò wò mí. Nígbà tí ẹ máa gbé e, òkùnkùn la rí, ní aago méjì ọ̀sán. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú yín tó yọ, lórí ìrọ̀rí, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n. Bàbá sún mọ́ fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, bá wa ṣàdúà fún ìyá rẹ." Ẹ dákẹ́. Ẹ wá ní, "Bàbá, ẹ máa bá a lọ. Ó rẹ̀ mí." Fóònù sì kú.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo ń wo eṣinṣin tó bà sórí àkàrà, mi ò lè gbé ọwọ́ lé e. Àbúrò Màmá tó ti Sábẹ̀ẹ́ wá ló ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà, ilẹ̀ ń ṣú," bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò ṣú. Nígbà tí a ń pín oúnjẹ, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri: pé kí ni wọ́n ń gbé nílùú òyìnbó tí ó fi rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀, pé ta ló wà níbí tí kò rẹ̀? Mo jáde sí wọn, mo ní ìbànújẹ́ ló gba ohùn lẹ́nu yín. Mi ò mọ̀ nígbà náà bóyá bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Bàbá ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Tí ẹnì kan bá ti dárúkọ yín, á fi ọwọ́ mú tẹ̀súbáà rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Mo gbà báyìí pé ó rẹ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi: mo gbà á tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ò sọ. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí pè yín ní ọmọ tí kò lójú àánú, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni ì bá là yín: ara mi ò yá. Ṣé èmi náà ni ẹ ò lè sọ fún? Èmi tí ẹ gbé lé èjìká kọjá omi nígbà tí òjò kún gbogbo àdúgbò wa, èmi tí ẹ kọ́ ní ìwé kíkà lábẹ́ àtùpà? Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi bí mo bá ń sunkún ní igun ilé. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà kò kan yín? Wọ́n ní ọkùnrin kì í sọ pé ó rẹ òun. Ta ló ní? Kì í ṣe Màmá tó bí wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín yìí. Mo kà pé àtùpà kan wà fún un, tó ní ìmọ́lẹ̀ 10,000 lux, lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, kété tí ẹ bá ti jí. Ẹ gbé e kalẹ̀ sí iwájú yín bí ẹ ṣe ń mu tíì, ojú yín á ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó rà á, nítorí ọ̀rọ̀ ojú. Glaucome, àìsàn tó ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ní ó ń ṣe Bàbá, ó sì máa ń wà nínú ìdílé, torí náà kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ojú tiyín wò. Kí ó bá yín wo ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ò tó ni, bóyá thyroïde tó wà ní ọrùn ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, torí àwọn náà ń mú kó rẹ èèyàn. Fítámì D ńkọ́? Awọ dúdú bíi tiwa ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe é, oòrùn ìgbà òtútù Lille kò sì lágbára rẹ̀. Ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má jókòó sínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ jáde, kódà kí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ìta ṣì mọ́lẹ̀ ju abẹ́ iná yẹn lọ. Bí ọkàn yín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ti sú yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ jí ìyàwó wa, ẹ pè mí lóru.

Mo máa gbé e, torí mi ò kì í sùn. Kí Àsùbáà tó dé ni mo ti ń gbé omi kaná fún Bàbá, ọyẹ́ ti mú kí eegun máa ro ó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. Èmi ni mò ń kán oògùn sí èyí tó kù láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi ni mò ń gbé e lọ sí Kùtọ̀nù fún àyẹ̀wò, tí mò ń fi ara mi dí atẹ́gùn fún un lórí zémidjan, ọ̀kadà wa níbí, kí a tó dé ibi tí ọkọ̀ wà. Bàbá Làtífù ti lọ sí Èkó láti ìgbà Iléyá. Náírà tó ń fi ránṣẹ́, bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ sí fráńsì, kì í tó ra gàrí. Àwọn tí mo rán aṣọ ọdún fún ní oṣù kejìlá kò tíì san owó wọn tán, onílé sì ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ka páànù lójú. Eruku ọyẹ́ ń bà lé aṣọ funfun àwọn èèyàn, mò ń gbọ̀n ọ́n, ó tún ń bà lé e. Oòrùn pọ̀ níbí, ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń rẹ̀ mí. Kò sí dókítà tó dárúkọ èyí tó ń ṣe mí. Nínú gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí Màmá ti lọ, mi ò rí ibi kankan tí ẹ ti ní, ìwọ ńkọ́?

Mi ò ní bá yín sọ ọ́ fún Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ní Àlàádì tó ń bọ̀, aago kan ọ̀sán, ẹ jáde síta, ẹ pè é. Mo máa gbé fóònù fún un, màá jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ ṣe àdúà Màmá fún un náà, bó tilẹ̀ jẹ́ Fátíà kan. Ọjọ́ Àtàláátà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún fẹ́ wo ojú rẹ̀ ní Kùtọ̀nù, ìdajì owó ni mo ní lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ìdajì tó kù, ẹ jẹ́ kó wọlé kí ó tó di Àtìní. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún mi pé kò sí, kí n lè tètè mọ ẹni tí mo máa lọ yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni, àbúrò yín,
Ìyá Làtífù
Àjàṣẹ́