Lẹ́tà sí Àjàní nípa nọ́ńbà kọ̀ǹpútà wa

Ìbàdàn

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Manchester. Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ara wa le níbí, iná mànàmáná nìkan ló ń dá wa lágara.

Mo ti rí ìdí tí kọ̀ǹpútà 20 tó wà ní lábù, tí prógíráàmù wa wà lórí wọn, fi ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lójú sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn tí gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀. Lánàá, mo jókòó sídìí ìkeje, mo ṣí fáìlì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí prógíráàmù wa fún un wà, mo dà á kọ sínú ìwé. Mo bọ́ sídìí ìkejìlá, mo ṣí tirẹ̀ náà. Lẹ́tà kan ò yàtọ̀! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé orí sáfà ilé-ìwé ni /home gbogbo wọn (fódà tí fáìlì àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà máa ń wà) wà, NFS, ètò tó ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń pín in fún wọn, orúkọ kan náà ni mo sì fi wọlé sórí gbogbo wọn. Inú ~/.config, fódà ètò tó wà nínú /home ẹni tó wọlé, ni a fi nọ́ńbà náà sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ tàn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn 19 yòókù dé, wọ́n bá a nílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sí àjò a máa kó aṣọ dání, kì í yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ gbé. Ohun tó wà ní /home, ti ènìyàn ni, ibi tó bá ń lọ ló ń bá a lọ. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dúró ti kọ̀ǹpútà.

O ní ká gbé e sí /etc, fódà ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. N ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ohun tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, àmọ́ ètò tí alábòójútó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé /etc kan náà ni wọ́n ń dà sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Bí tiwa bá bá a lọ, a ti padà sídìí wàhálà àná nìyẹn.

FHS 3.0, ìwé ìlànà ibi tó yẹ kí fáìlì máa wà lórí Linux, tó jáde ní 2015, ya /var/lib sọ́tọ̀ fún ohun tí prógíráàmù fúnra rẹ̀ ń kọ, tó sì fẹ́ bá nílẹ̀ bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún tàn án. Ibẹ̀ ni tiwa. Má fi sí /var/cache o, torí wọ́n lè palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ nígbàkigbà. Ká sọ prógíráàmù wa di service, ìyẹn prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ká kọ StateDirectory= sínú fáìlì ètò rẹ̀; systemd, tó ń tan irú prógíráàmù bẹ́ẹ̀, á ṣí fódà rẹ̀ sábẹ́ /var/lib, á sì fi lé e lọ́wọ́.

Àbí ká kúkú lo /etc/machine-id, nọ́ńbà ìdánimọ̀ alámì 32 tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, àṣírí kọ̀ǹpútà ni. Kọ́kọ́ pò ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tiwa lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè tú u padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá da dísíìkì kan kọ sórí òmíràn láìkọ́kọ́ sọ fáìlì náà di òfìfo, méjèèjì á tún máa jẹ́ orúkọ kan. /var/lib náà ò bọ́ nínú èyí, ó yẹ ká kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wa.

Jọ̀ọ́, fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí mò ń padà sí lábù lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí