Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi ń ní kí ẹ fọ kéèjì kí ẹ tó gbé ọmọ ajá mìíràn

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìkòròdú, láti Ìgbógbó dé Ìjẹ̀dẹ̀, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ọ̀dọ̀gùnyàn wá,

A kí yín o. A mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín sí wa. Ọmọ ajá yín kú, ẹ kó owó wá láti ra òmíràn lọ́wọ́ wa, a sì ní kí ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹlòmíràn rò pé a fẹ́ fowó lé e ni. Rárá o. A mọ̀ pé àwọn ọmọ ń sunkún nílé, a sì mọ̀ pé olè kì í dúró de ẹni tí kò tíì rí ajá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ parvo, àrùn tó ń ti ara ajá kan ran òmíràn, ló pa ti àkọ́kọ́, àrùn náà ṣì wà nínú kéèjì yẹn. Ọmọ ajá tí a bá tún gbé síbẹ̀, a kàn gbé e fún ikú ni.

Ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá parvo mọ̀ lára ajá, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká ayé. Ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣe: ajá á kọ oúnjẹ, á máa bì, á wá máa ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀. Kì í ran ènìyàn. Inú ìgbẹ́ ló pọ̀ sí jù, bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà sì ti tó láti gbé e dé ilé mìíràn. Níbi tí oòrùn kò dé, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù.

“Ṣebí a ti da Dettol sí i, a tún fi Izal fọ̀ ọ́!” Ohun tí a ń gbọ́ jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Àwọn kòkòrò àrùn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rá ló bo ara wọn. Kòrónà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ lásán fi ń pa á. Parvo kò ní ọ̀rá kankan lára. Dettol, Izal àti ọtí ìpawọ́ kò ràn án. Òórùn wọn á gba gbogbo àgbàlá, ọkàn yín á balẹ̀, parvo á sì wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Izal tí kò gbẹ lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, ó sì burú gan-an fún ológbò.

Ohun tó ń pa á tí ẹ lè rí rà ní Sábó tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé yín ni bílíìṣì, irú Hypo tàbí Jik. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó ló ṣòro.

Ẹ kọ́kọ́ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ dì í sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ẹ má jù ú sínú gọ́tà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí bí òjò bá rọ̀ ní àdúgbò wa yìí, àgbàlá ẹlòmíràn ni omi gọ́tà ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì líle. Ẹ ha ilẹ̀ rẹ̀, ẹ ha igun, ẹ ha ibi tí irin ti so pọ̀, àti abẹ́ ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ń wò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú, ibí gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Bí bílíìṣì bá bá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ pàdé, ara ìdọ̀tí yẹn ni agbára rẹ̀ máa tán sí. Ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá.

Ìgbà yẹn ni bílíìṣì tó kàn. Ẹ wo ara ike. Bí wọ́n bá kọ 3.5% síbẹ̀, ife 1 sí ife omi 20. Bó bá jẹ́ 5% sókè, ife 1 sí 30. Omi tútù ni kí ẹ lò, omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa po tuntun. Ẹ dà á kí gbogbo ibẹ̀ tutù, kó sì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Bó bá ń gbẹ, ẹ tún un dà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án dáadáa, torí ó ń jẹ irin, kó sì gbẹ pátápátá nínú oòrùn kí ajá tó wọlé.

Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ Izal, Harpic tàbí ọṣẹ mìíràn láéláé. Òun àti Harpic á gbé èéfín olóró jáde. Òun àti ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ síbẹ̀.

Pákó tó ti mu ìtọ̀ àti àkísà tí ajá náà sùn lé, ẹ sun wọ́n. Abọ́ ike tó ti ha, ẹ ra ti irin dípò rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìgbálẹ̀, bàtà yín àti ẹ̀wọ̀n ajá.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín jẹ́ yanrìn, tiyín le díẹ̀, nítorí bílíìṣì kò níṣẹ́ nínú yanrìn. Ẹ kó ti òkè kúrò, ẹ gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bò ó, kí oòrùn lè wọlé. Yanrìn tútù yẹn kan náà ni aràn oníkọ̀ọ́ ń gbé, òun sì ń wọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń rìn láìwọ bàtà. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá níbẹ̀. Ní ti eégbọn, bílíìṣì kò ràn wọ́n. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ara ògiri, kí ẹ sì bi dọ́kítà ẹranko léèrè oògùn rẹ̀.

Òfin wa nìyí: bó bá jẹ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ẹ fọ̀ bí a ti wí, ẹ dúró fún oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó gbé ọmọ ajá mìíràn. Bó bá jẹ́ yanrìn, a kò ní ta ọmọ ajá kékeré fún yín, àfi èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n á sì máa tún un gbà títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹyọ kan ṣoṣo kò tó, pàápàá fún Rottweiler, tí parvo tètè máa ń mú.

Owó tí ẹ ti san sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ajá tí ẹ sì yàn, a kò ní tà á fún ẹlòmíràn. Bí kéèjì bá ti gbẹ, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kó hàn dé igun. Bí ẹ bá fẹ́ ká wá bá yín wò ó, a máa wá, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń sin ajá tà, Ìgbógbó, Ìkòròdú