Lẹ́tà láti Òmùò: Ohun tó kan ọlọ́pàá nínú ìwé màlúù

Òmùò-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà òtútù Kánádà. Nínú lẹ́tà rẹ, o béèrè ohun tó kan ọlọ́pàá nínú ìwé ìlera màlúù nígbà tí dókítà ẹran wà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

O mọ̀ pé ẹnubodè Èkìtì àti Kogí ni ìlú wa wà, ọ̀nà ibí sì ni ọkọ̀ màlúù láti òkè Ọya ń gbà wọlé. Lójú òfin ìdènà àrùn ẹran ti ọdún 1988, kò yẹ kí a kó ẹran títà rìn láìgba ìwé àṣẹ. Àmọ́ ẹran tí dókítà rí lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù nìkan ni ìwé lè jẹ́rìí sí. Lójú títì, àwa ọlọ́pàá la kọ́kọ́ ń pàdé ọkọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé tó kọjá, awakọ̀ tírélà kan na ìwé sí mi, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ọmọkùnrin tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ti fẹ́ ní kí ó máa lọ. Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń ka ẹran. Màlúù 22 ló wà nínú ìwé, 27 ni mo kà. Ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀ tí itọ́ ń fà yọ̀ọ̀ lẹ́nu rẹ̀ dé orúnkún, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o. Èmi kò mọ orúkọ àrùn, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo pe dókítà ẹran. Nígbà tó ya ẹnu màlúù náà, egbò ti bo ahọ́n rẹ̀. Ó ní ó jọ àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu, ó sì gba nǹkan tí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò. Awakọ̀ wá jẹ́wọ́ pé ojú ọ̀nà lòun ti gbé márùn-ún kún un.

Iṣẹ́ wa kò jù báyìí lọ: kí a ka ẹran, kí a fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti déètì wé ti inú ìwé, kí a sì dá èyí tí kò bára mu dúró de dókítà. A kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹran yá tàbí kò yá, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ dá awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé dúró kí a lè rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí owó ti rọ́pò kíka ẹran, inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di òní. Nígbà tí áńtíráàsì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù keje ọdún 2023, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà wa, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tú ìfun ẹran, nítorí àrùn yẹn ń ràn ènìyàn, ó sì lè pa á.

Ohun tó kù tó ń dùn mí ni pé a kò ní ọgbà tí a lè já ẹran sí. Inú ọkọ̀ ni àwọn màlúù náà wà nínú oòrùn títí di ọ̀sán, tí àwa àti awakọ̀ ń fi garawa gbé omi fún wọn. Jọ̀wọ́, bá mi wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.