Réélì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe

Granby, Colorado, Amẹ́ríkà

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Bàbá ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn? Má bínú pé o ò gbúròó mi láti ọjọ́ yìí. Igi ni mò ń bá wọ̀yá ìjà.

Réélì fàráńdà onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa ti jẹrà. Iye tí káfíńtà pè, mo ní kó máa lọ ire. Mo bá ní màá fi ìtì igi ṣe é fúnra mi, bí àwọn ará òkè ibí ṣe ń ṣe é. Ṣebí ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo gbọ́njú sí!

Igi lodgepole pine ni mo lò. Kòkòrò kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ti pa á lọ rẹpẹtẹ nínú igbó ibí. Èyí tó bá kú lórí ìdúró ló dára, torí ó ti gbẹ kí wọ́n tó gé e. Tí o bá bó èèpo rẹ̀, wàá rí ipa tí kòkòrò náà gbẹ́ kiri bí ìlà ọwọ́, igi fúnra rẹ̀ á sì ní àwọ̀ búlúù bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró. Ọ̀bẹ gígùn tó ní èèkù lọ́tùn-ún lósì la fi ń bó o, wàá máa fà á sí àyà ara rẹ. Tó bá kan kókó igi, á fò. Èjìká mi ò tíì gbà fún mi títí di òní.

Òfin ibí ni pé ohun tó fẹ̀ tó ínǹṣì 4 kò gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀pá réélì méjì kọjá, nítorí àwọn ọmọdé. Ìdí ìtì igi sì nípọn ju orí rẹ̀ lọ! Bí mo bá to ọ̀kan dáadáa, màá dorí èkejì kodò. Mo fún àbígbẹ̀yìn mi ní agolo kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ pé kó máa fi dán an wò. Níbi tó bá ti kọjá, á pariwo: "Dádì, ó ti já bọ́ o!"

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Igi gbígbẹ ò tó mi, mo bá fi ọ̀pá tútù 11 kún un. Mo gbẹ́ orí àti ìdí wọn kí wọ́n lè wọ ihò ìtì igi tó dábùú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì há pinpin. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n sún kì. Atẹ́gùn á fẹ́, wọ́n á máa ró gbàgà-gbàgà lóru, ìyàwó mi á ní àlejò mi ti dé. O ò sì lè yọ ẹyọ kan láìtú odindi apá ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u, tí mo sì tún un ṣe.

O rántí ẹsẹ̀ àga tí Bàbá máa ń kó sí àjà ilé ìdáná, tí a máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń yan igi bí ẹja? Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Kí o sì bi wọ́n pé oṣù mélòó ni wọ́n ń fi í síbẹ̀, torí àtẹ̀gùn ló kàn báyìí.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní