Sí Àbẹ̀kẹ́, ní Jámánì

Òṣogbo

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò, o kú otútù. O ní o ń gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ èdè Jámánì yín ń sọ, àmọ́ tó bá kàn ọ́ láti dáhùn, ẹnu rẹ á wúwo. Mo rẹ́rìn-ín, torí irú rẹ kún kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì mi níbí.

Àwọn ọmọ SS2 mi ti há "àgbẹ̀ sàn ju dókítà lọ" sórí, mo bá pa á tì. Mo ní ká jiyàn lórí omi Ọ̀ṣun: ṣé ó yẹ kéèyàn ṣì máa mu ún, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, tí ìjọba sì ti kìlọ̀ ní 2022 pé ká má mu ún?

Ọmọkùnrin kan tí gbogbo wọn mọ̀ sí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dìde. Ó kí alága, ó kí àwọn adájọ́, ó kí ẹni tó ń wo aago. Ó sọ̀rọ̀ títí, ohùn dùn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ṣáá.

Mo wá pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló bi wọ́n pé: "Bó bá jẹ́ òkè lomi ti bà jẹ́, kí ló dé tó jẹ́ àwa tí à ń mu ún ni wọ́n ń kìlọ̀ fún?" Wọ́n pa lọ́lọ́. Mo ní kó dìde sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó já gbàgàùn díẹ̀, ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó gbé e mì. Ìbéèrè náà dé ibi tó ń lọ.

Ní 1998, Peter MacIntyre àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn to ohun tó ń mú kéèyàn la ẹnu sọ èdè tó ń kọ́ sí ìpele mẹ́fà. Ìfẹ́ láti sọ̀rọ̀ wà nítòsí òkè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni pàtó tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ àti ìgboyà tó wà lọ́kàn rẹ lásìkò náà. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí ojú mi ni ìgboyà yẹn ṣe ń wá tó sì ń lọ láàárín kíláàsì kan ṣoṣo. Ní àwọn ilé-ìwé kan níbí, ọmọ tó bá sọ Yorùbá á sanwó ìtanràn. (Ní Òṣogbo o!) Níbo ni yóò ti ro èrò náà já kó tó wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́? Bẹ́ẹ̀, Ifẹ̀ ò jìnnà sí wa, níbi tí Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní tìrẹ, wá ẹnìkan tí ẹ jọ gbọ́ra yín, kí ẹ jọ jíròrò ọ̀rọ̀ náà lédè tó rọ̀ yín lọ́rùn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o nawọ́. Kọ̀wé bó bá ṣe rí.

Mo pàdé màmá yín ní Ọjà Ọba. Wọ́n ní o ò pè. Jọ̀ọ́, pè wọ́n.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́