Fíìmù tó o ní kí n wò

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Manchester o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Kẹ́hìndé ti ṣíwọ́ ìka mímu?

Mo ti wo Stella Dallas. Alẹ́ Sátidé ni, wọn ò sì mú iná lọ rárá, ìyẹn gan-an tó ìròyìn. Fíìmù ọdún 1937 tí kò ní kọ́lọ̀, mo rò pé oorun á gbé mi lọ ni. Barbara Stanwyck, tó ṣe Stella, ò jẹ́ kí n sùn.

O ní ìparí ló pa ẹ́ lẹ́kún, ibi tí Stella ti dúró sínú òjò, tó ń wo ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láti ìta, tí ọlọ́pàá ní kó máa lọ, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun rí ojú ọmọ náà nígbà tí ọkọ bá fẹnu kò ó lẹ́nu. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti sunkún tèmi tán.

O rántí bí Stella ṣe múra lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó yẹn, tí ẹ̀gbà ọwọ́ ń dún woroworo, tí gbogbo ènìyàn ń wò ó bí egúngún? Lóru, nínú ọkọ̀, àwọn ọmọbìnrin kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀dì òkè ni Laurel, ọmọ Stella, wà, ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́. Ọmọ rọra sọ̀ kalẹ̀. Stella yára dijú bí ẹni tó ti sùn. Laurel fẹnu kò ó, ó sùn tì í. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìyá ni gbogbo ayé ń yìn nínú fíìmù yìí, àmọ́ ta ló ń yin ọmọ?

Ibi tí mo ti bá Stella jà ni irọ́ pé Ed Munn, ọ̀mùtí yẹn, lòun fẹ́ fẹ́, kí ọmọ lè bínú lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò bi ọmọ léèrè! Helen, ìyàwó tí bàbá náà fẹ́, ló wù mí: òun ló ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnnì fèrèsé sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó mọ ẹni tó máa wà níta.

Ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ ìbẹ̀wò, nígbà tá a wà ní kíláàsì kejì. Màámi wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn, gèlè wọn fẹ̀ bí àtẹ, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì rù. Àwọn ọmọ họ́sítẹ̀lì ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní àǹtí wa kan ni. O wò mí, o ò sọ̀rọ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àdìrẹ lásán ni wọ́n wọ̀ wá, wọn ò kọjá géètì, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ni wọ́n fi oúnjẹ rán sí mi.

Mo pè wọ́n lánàá. Mo ní, "Màámi, ẹ rántí léèsì ọlọ́sàn yẹn?"

"Aṣọ wo?" Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, n'Íbàdàn